Ẹni Tó Ń Hanrun Yẹn, Kì Í Ṣe Oorun Ló Ń Sùn

Ẹ̀yin àgbààgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín o. Ẹ ní kí n wá kìlọ̀ fáwọn ọmọṣẹ́ yín nípa oògùn olóró. Màá kìlọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ mi lónìí kàn jù. Lọ́jọ́ tí oògùn bá gbé ọmọ ṣubú, ẹ̀yin lẹ máa wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní tàwọn ọmọ ìta. Ìwádìí ọdún 2018, tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, jọ ṣe, fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn ilé ìwòsàn lò láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ló pọ̀ jù sí: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ó lé ní 22. L'Ékòó, ó tó 33. Ẹ má sì ṣọ́ ọmọkùnrin nìkan o, nínú mẹ́rin tó ń lò ó, obìnrin lọ̀kan.

Igbó ni wọ́n ń lò jù, àmọ́ tramadol àti kódíìn ló ń lé oorun lójú mi. Lóṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní kódíìn nínú. Tramadol wà nílẹ̀ síbẹ̀. Mílígíráàmù 50 àti 100 ni òfin fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń yọ́ tà ní gáréèjì ń jẹ́ 200, 225, 250. Bíríkìlà á gbé e mì kó lè ru búlọ́ọ̀kù títí ilẹ̀ á fi ṣú, awakọ̀ á gbé e mì kó lè wa ọkọ̀ mọ́jú. Ọ̀gá tó mọ̀ pé ohun tí ọmọṣẹ́ òun ń lò nìyẹn, tó sì ń yìn ín pé alágbára ni, ọwọ́ òun náà wà níbẹ̀. Ẹ forí jì mí, mo ní láti sọ ọ́.

Ẹbí kan náà ni kódíìn, tramadol àti heroin. Ibi tó ń darí mímí nínú ọpọlọ ni wọ́n ń dojú kọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù lára, ọpọlọ ò ní rántí láti mí mọ́. Tí wọ́n bá wá fi ọtí tàbí oògùn oorun lú u, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú èyí tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà, àwọn yẹn náà á tún máa tẹ èémí rì.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ náà á máa hanrun lọ́nà tó yàtọ̀, nǹkan á máa hó lọ́fun rẹ̀. Ètè àti èékánná rẹ̀ á ṣú, inú ẹyinjú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ gbọn èjìká rẹ̀, kò mira. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ jẹ́ ó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́." Wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé. Òkú ni wọ́n máa bá láàárọ̀.

Àwọn míì á sáré wá epo pupa, mílíìkì, tàbí ìtọ̀ màlúù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu! Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Tramadol tún máa ń fa gìrì. Ẹ má fi ṣíbí há a léyín. Ẹ pe 112. Tó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀ kí èébì má bàa pa á. Tí kò bá mí, ẹ dì í nímú, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Oògùn kan wà tó ń lé irú àwọn oògùn yìí kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ, naloxone lorúkọ rẹ̀. Láti 2023 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i l'Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa ta èyí tí wọ́n ń fín símú láìsí ìwé dókítà. Ó yẹ kó wà ní gbogbo ilé oògùn àti gáréèjì wa. Màá máa sọ ọ́ títí wọ́n á fi gbọ́.

Èyí tó kàn, ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ti fi oògùn sílẹ̀ fóṣù mélòó kan, bóyá ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń bọ̀ ni o, tàbí ilé àdúrà tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ sí, ewu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn náà. Iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan, tó bá lò ó lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó lè pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ọpọlọ ní Arò l'Ábẹ́òkúta tàbí ní Yábàá, níbi tí wọ́n á ti máa tọ́jú rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan béèrè pé tóun bá gbé ọmọ dé ọsibítù, tí wọ́n ní kí ló lò, ṣé ojú ò ní ti òun? Mo ní, "Mà, ẹ sọ ọ́. Ẹ mú páálí tàbí ìgò tí ẹ bá bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dání. Tí ẹ bá ní ibà ni, ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ máa tọ́jú."