Bí ìbọn ìléwọ́ Type 26 ti Japan ṣe ń ṣiṣẹ́

Iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Japan tó wà ní Koishikawa, nílùú Tokyo, ló ṣe ìbọn tí ẹ ń wò yìí. Ọdún 1893 ni iléeṣẹ́ ológun tẹ́wọ́ gbà á. Ọdún yẹn ló pé 26 nínú sànmánì Meiji (ìgbà ìjọba Ọba Meiji ní Japan), ibẹ̀ ni wọ́n ti mú nọ́ńbà rẹ̀. Ọta mẹ́fà ló ń gbà, oníwọ̀n mìlímítà 9.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òòlù ìbọn náà kò ní ìrù tí àtàǹpàkò lè fà. Ìka tó wà lórí tírígà nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: bó ṣe ń fà, ìtìkùn kékeré kan á ti eyín tó wà lẹ́yìn sílíńdà (àgbá roboto tó ń gba ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà), sílíńdà á yí lọ sórí ihò tó kàn, òòlù náà á máa lọ sẹ́yìn. Nígbà tí tírígà bá fà dé òpin, òòlù á já, á gbá ìdí ọta. Fífà yẹn le, ó sì gùn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń mì kí ọta tó jáde.

Láti kó ọta sí i, ẹ gbé ìkọ́ òkè sókè, kí ẹ tẹ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀. Ìyọta tó dà bí ìràwọ̀ á dìde láàárín sílíńdà, á yọ kóróo (èèpo ọta tí wọ́n ti yìn) mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí ẹnu ìbọn sókè kí ẹ tó ṣe é, kí kóróo kan má baà wọ abẹ́ ìyọta, torí bó bá wọ ibẹ̀, ìbọn ò ní pa dé mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé. Fa ẹ̀ṣọ́ tírígà wálẹ̀, awẹ́ òsì á ṣí bí ilẹ̀kùn. Kò sí pé à ń wá sikirudíráfà: sípíríǹgì, òòlù, gbogbo rẹ̀ wà níwájú ẹ. Ọ̀nà tó dára gan-an láti fi nu epo àti ìpata nìyẹn lójú ogun.

Àbùkù ńlá kan ló wà níbẹ̀. Àyàfi tí ẹ bá fa tírígà ni ìdádúró sílíńdà (irin kékeré tó ń di sílíńdà mú) ń wọ ojú ihò rẹ̀. Bí ìka bá ti kúrò lórí tírígà, kò sí ohun tó di sílíńdà mú. Bó bá fara ha àpò aláwọ tàbí ara ògiri, ó lè yí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti yin ọta mẹ́ta lè fa tírígà níwájú ọ̀tá, kí òòlù gbá kóróo tó ti jóná. Síbẹ̀, nǹkan bí 59,000 ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ń lò ó títí di 1945, kódà lẹ́yìn tí ìbọn ìléwọ́ tuntun tó ń jẹ́ Type 14 ti dé ní 1925.

Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kó kọ́kọ́ ṣí i, kó rí i pé ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣófo. Bí sílíńdà bá ń yí fàlàlà, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kó wá fa tírígà dé òpin, kó dì í mú síbẹ̀. Bí sílíńdà bá ṣì ń mì níbẹ̀, ìdádúró rẹ̀ ló ti jẹ.