Ráútà Ọ́fíìsì Kékeré: Bí A Ṣe Ń So Ó àti Bí A Ṣe Ń Tan Án

Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì èèyàn mẹ́fà ló wà lórí tábìlì yìí: àpótí fáíbà tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá, tí wọ́n ń pè ní ONT, ráútà kan tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, switch olójú mẹ́jọ tó ń pín wáyà kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, Cat5e tó jẹ́ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti adápítà mẹ́ta. Ẹ má tíì ki ohunkóhun bọ iná.

Adápítà la ó kọ́kọ́ mú. Ráútà tó ń kú lọ́wọ́ wa, iná ló sábà máa ń pa á. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kà á. Níwájú OUTPUT, eléyìí kọ 12V, 1.5A. Ẹ dojú ráútà bolẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀: 12V, 1A. Fólítì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu géérégé. Áńpù adápítà lè ju ti ráútà lọ, kò séwu, torí ráútà kì í fà ju ohun tó nílò. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí i. Bó bá kéré, ráútà á máa kú, á máa jí, pàápàá nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí Wi-Fi, ẹ ó sì rò pé iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ̀bi.

Ẹ wá wo adápítà mìíràn tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kò sí lára mẹ́ta yẹn. Ti rédíò orí òpó ni, 24V ni. Ẹnu rẹ̀ àti ti 12V ò yàtọ̀ rárá, ó wọ ihò ONT wẹ́kú. Ìṣẹ́jú àáyá kan lè tó o láti jó ONT yẹn. Nítorí náà, ẹ fi bébà àti sẹ́lótéèpù kọ orúkọ sára adápítà kọ̀ọ̀kan báyìí: ONT, RÁÚTÀ, SWITCH. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá yọ gbogbo rẹ̀ láti nu tábìlì, bébà yẹn ló máa gbà yín.

Ó kan wáyà. Okùn fáíbà tín-ínrín yìí, gíláàsì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po, ẹ má ta á ní kókó. Ẹ má sì yọjú wo ẹnu rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́.

Ẹ ki wáyà Cat5e bọ ojú LAN1 lára ONT (LAN ni ojú tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì), kí ẹ ki orí kejì bọ ojú WAN lára ráútà, ìyẹn ojú tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Àwọ̀ ojú WAN sábà máa ń yàtọ̀ sí ti yòókù. Ó gbọ́dọ̀ dún "kẹ́". Bí kò bá dún, kò tíì wọlé. Bí ẹ bá ṣèèṣì ki wáyà yìí bọ ojú LAN ráútà, ONT àti ráútà á jọ máa pín àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kọ̀ǹpútà kan á rí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkejì ò ní rí i. Láti LAN1 ráútà, ẹ fa wáyà kan ṣoṣo lọ sí switch, kí switch wá pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ki orí wáyà kan náà méjèèjì bọ switch, gbogbo iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú wàràwàrà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì dákú.

Ó wá di iná títàn. Orí ínfátà ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Adápítà ráútà, 12V lọ́nà 1.5A, wáàtì 18 péré ni, kò ní ni ínfátà lára. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ ní, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tan sókẹ́ẹ̀tì.

ONT la ó kọ́kọ́ tàn. Ẹ ní sùúrù, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Iná PON, tó ń fi hàn pé fáíbà ti so, á ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á dúró. Bí iná LOS bá ń tan pupa, ìmọ́lẹ̀ ò dé láti orí fáíbà nìyẹn. Títún ráútà tàn ò lè wò ó sàn. Ẹ pe iléeṣẹ́ wọn. Bí PON bá ti dúró, ẹ tan ráútà, lẹ́yìn náà switch. Bí ráútà bá ṣáájú, á béèrè àdírẹ́sì nígbà tí ONT ò tíì lè fún un, ó sì lè pẹ́ kó tó tún béèrè.

Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ LAN2, kí ẹ wo àdírẹ́sì tó gbà. 192.168 ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 169.254, ráútà ò fún un ní nǹkan kan. Ẹ yẹ wáyà wò. Àdírẹ́sì ráútà wà ní ìdí rẹ̀. Bí ONT àti ráútà bá jọ ń jẹ́ 192.168.1.1, wọ́n á kọlu ara wọn; ẹ sọ ti ráútà di 192.168.10.1. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà admin, kí ẹ fi WPA2 tàbí WPA3, irú ààbò tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ti Wi-Fi pa. Ẹ gbé ráútà sókè, kó jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù onírin.

Kí ẹ tó kan wáyà mọ́ ògiri, ẹ pa iná gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì tan gbogbo wọn papọ̀, bí iná ṣe máa ń dé lójijì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá padà wá láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ lè mú òòlù.