Ọmọ Kéú Tó Ń Dé Lálẹ́ Bí Àdán: Pesantren àti Àdúgbò Rẹ̀ ní Java

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, as-salaamu alaykum.

Ní erékùṣù Java, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, pesantren ni wọ́n ń pe ilé-kéú tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Oríṣi ọmọ kéú méjì ló sì wà níbẹ̀. Santri mukim ni àwọn tó ń sùn sínú ọgbà. Santri kalong ni àwọn kejì, àdán ńlá kan sì ni kalong lédè wọn. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á dé láti wá kàwé lọ́dọ̀ àfáà àgbà tí wọ́n ń pè ní kiai. Bí wọ́n bá kà á tán, ó di ilé bàbá wọn. Nígbà tí a bá ń yin ilé-kéú, iye àwọn tó ń sùn síbẹ̀ la máa ń kà. Lójú tèmi, àwọn àdán yìí àti àwọn òbí wọn ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ jẹ́ ká dé Tebuireng, nítòsí Jombang, ibi tí kiai kan tó ń jẹ́ Hasyim Asy'ari dá ilé-kéú sílẹ̀ sí lọ́dún 1899. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Cukir ti wà nítòsí ibẹ̀ kó tó dé, owó tó ń ti ibẹ̀ jáde sì ti sọ àdúgbò náà di ojúbọ tẹ́tẹ́, ọtí àti aṣẹ́wó. Àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ kò fẹ́ àfáà nítòsí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé-kéú náà ni pé àwọn jàǹdùkú a máa fi ohun mímú gún ògiri ọparun lóru, débi pé ṣe ni àwọn ọmọ ń kóra jọ sáàárín yàrá kí wọ́n tó lè sùn. Kiai ránṣẹ́ sí ìlú Cirebon, àwọn kan sì ti ibẹ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìjà silat. Kò kó ẹrù rẹ̀. Ibi tí kò sí wàhálà pọ̀ ní Java nígbà náà, ó lè lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọn tó nílò rẹ̀ jù ló jókòó sí. Nígbà tó kéde ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1945 pé ọ̀ranyàn ni kí Mùsùlùmí gbèjà òmìnira Indonéṣíà, àwọn èèyàn dìde. Ẹni tó ti bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní Guluk-Guluk, ní erékùṣù Madura, ilẹ̀ gbígbẹ ni wàhálà wọn. Pesantren Annuqayah tó wà níbẹ̀ kò fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìjọba nìkan, wọ́n gbin igi. Ní 1981, wọ́n gba ẹ̀bùn Kalpataru, èyí tí ìjọba Indonéṣíà ń fún àwọn tó bá tọ́jú àyíká. Ẹ̀bùn yìí wú mi lórí gan-an ni, nítorí igi tí ọmọ kéú bá gbìn, ẹni tí kò mọ álífù yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Òfin kejìdínlógún ọdún 2019 ní Indonéṣíà kà iṣẹ́ mẹ́ta sí pesantren lọ́rùn: ẹ̀kọ́, wáàsí, àti mímú kí ayé àwọn ará ìlú dára sí i. Ó dára. Àmọ́ kí òfin tó dé ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi pamọ́. Àwọn pesantren kan ti wà tí wọ́n ti fi ìyà jẹ ọmọ, tí wọ́n sì ti bà wọ́n jẹ́, ẹjọ́ sì ti dé kóòtù. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún kiai kò gbọdọ̀ dí wa lójú sí i. Níbi tí wọ́n bá ti ti géètì mọ́ àdúgbò, ta ni yóò gbọ́ igbe ọmọ tí òbí rẹ̀ wà ní erékùṣù mìíràn? Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ àwọn àdán fi ká mi lára. Àwọn ni wọ́n ń wọlé, tí wọ́n sì ń jáde. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá délé lálẹ́, ìyá rẹ̀ á bu oúnjẹ fún un, á bi í pé kí ni wọ́n ṣe lónìí, ọmọ á sì sọ gbogbo ohun tó rí.