Fort Street: Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba Kan ní Sydney Tí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Kojú Ara Wọn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1975, ọkùnrin méjì ríra nínú ilé ńlá kan létí omi ní Sydney. Ọ̀kan ni John Kerr, Gómìnà Àgbà ilẹ̀ Ọsirélíà, aṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni Garfield Barwick, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà. Barwick fi lẹ́tà lé Kerr lọ́wọ́. Kókó ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òfin fún un lágbára láti yọ olóòtú ìjọba. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Kerr yọ Gough Whitlam, ẹni tí àwọn aráàlú dìbò gbé wọlé, ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ló mú Kerr wá sípò. Ìjà náà kò tíì tán nílẹ̀ lọ́hùn-ún títí di òní.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni Kerr àti Barwick ti jáde. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ olówó o. Ti ìjọba ni. Fort Street ni wọ́n ń pè é, òun sì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọdún 1849 ni wọ́n ṣí i, lórí òkè kan tó kọjú sí èbúté Sydney. Wọn ò kọ́ ilé tuntun fún un. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti wà níbẹ̀ láti 1815 ni wọ́n tún ṣe, ibi tí àwọn ológun ti ń kérora lánàá ni àwọn ọmọdé ti wá ń kàwé. Wọ́n sọ ọ́ ní Fort Street Model School, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí àwọn olùkọ́ máa ti wòye bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí wọ́n tó lọ máa ṣe é níbòmíì. Nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà ní Ọsirélíà, kò sí èyí tó lọ́jọ́ lórí tó o. Ní 1916, àwọn ọmọkùnrin kó lọ sí Petersham. Àwọn ọmọbìnrin dúró sórí òkè níbẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ afárá ńlá Sydney sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tí títì ọkọ̀ sì yí wọn ká. Fanny Cohen ni ọ̀gá wọn láti 1929 títí di 1952. Ó di 1974 kí wọ́n tó pa tọkùnrin tobìnrin pọ̀ sí Petersham, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà di òní. Ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Látìnì kan wà lára àmì ilé ẹ̀kọ́ náà. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ lédè wa, á jẹ́ pé olúkúlùkù ni alágbẹ̀dẹ orí ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí fún ọmọ ènìyàn lọ́run, á rí i pé ọ̀nà tí àwa fi ń ro ọ̀rọ̀ orí yàtọ̀ sí tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Orúkọ tó kọ́kọ́ máa ń jáde tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Fort Street ni Edmund Barton. Ọdún tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n bí i. Ibẹ̀ ló ti kàwé kó tó bọ́ sí Sydney Grammar. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Ọsirélíà di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1901, òun ni olóòtú ìjọba àkọ́kọ́. Mi ò ní bo ìyókù mọ́lẹ̀ fún yín. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Àpèkọ ni wọ́n fi ṣe é. Aṣọ́bodè á ní kí àlejò kọ 50 ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè Yúróòpù kan. Èdè wo? Èyí tó bá wu aṣọ́bodè. Tí àlejò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì já gaara, wọ́n lè pè é fún un ní èdè tí kò gbọ́ rí láyé rẹ̀, wọ́n á sì ní kò yege. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wo fídíò yìí ni wọn ì bá lé padà létí omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Douglas Mawson, nítorí tèmi ni tirẹ̀ yìí, mi ò lè sáré kọjá níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn Fort Street, ó kọ́ ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì, ó sì di olùkọ́ ní Adelaide. Ní 1912, òun àti ọkùnrin méjì, Ninnis àti Mertz, fi ajá fa ẹrù lórí yìnyín Antarctica láti lọ yàwòrán ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, ilẹ̀ yìnyín là lábẹ́ Ninnis. Òun, àwọn ajá tó lágbára jù, àti èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn já sínú ọ̀gbun. Àwọn méjì tó kù dúró lẹ́nu ihò náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń pè é. Kò dáhùn.

Ibi tí wọ́n wà tó nǹkan bíi 500 kìlómítà sílé. Wọ́n ń pa ajá tó kù jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹran tẹ̀dọ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹ̀dọ̀ ajá náà ló sọ oúnjẹ di májèlé fún wọn, nítorí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara ènìyàn lè gbà. Mertz kú ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1913. Ó wá ku Mawson nìkan. Ó fi ọ̀bẹ àpò gé ọkọ̀ ẹrù náà sí méjì kó lè dá a fà. Lọ́jọ́ kan tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá a jáde lódindi. Ó fi ọ̀rá kun ẹran ara tó ṣí sílẹ̀, ó da awọ náà padà sáyè rẹ̀, ó dì í, ó kó ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé ara wọn, ó tún ń lọ. Òun náà já sínú ọ̀gbun, okùn tó so mọ́ ọkọ̀ ẹrù ló gbé e dúró lófuurufú. Ó fi ọwọ́ gun okùn náà, ó dé ẹnu ihò, etí yìnyín ya, ó tún já padà. Ó tún gùn ún.

Ọjọ́ 8 oṣù kejì ló dé ibùdó. Ọkọ̀ omi tó fẹ́ gbé wọn lọ sílé ti ṣí ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, ó ṣì ń rí i lójú òkun. Ọkùnrin mẹ́fà tó dúró láti wá wọn ló bá níbẹ̀, wọ́n sì jọ fi nǹkan bí oṣù mẹ́wàá míì gbé inú yìnyín. Nígbà tí Ọsirélíà ṣe owó 100 dọ́là bébà ní 1984, àwòrán Mawson ni wọ́n tẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Barwick àti Kerr. Ẹnì kẹta wà tí ọ̀rọ̀ wọn ò lè yé wa láìsọ tirẹ̀: Herbert Evatt, ọmọ Fort Street náà. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ ìyá rẹ̀ méjì bá ogun àgbáyé àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, ní 1930, ọmọ ọdún 36, wọ́n fi í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù, kò sì sí ẹni tó kéré tó o lọ́jọ́ orí tó dé àga yẹn rí. Ní 1940 ó dìde lórí àga náà, ó wọ òṣèlú.

Ní 1947, ìjọba tí Evatt wà nínú rẹ̀ ṣòfin láti gba àwọn báńkì aládàáni. Àwọn báńkì gba ilé ẹjọ́ lọ. Evatt ló rojọ́ fún ìjọba, Barwick ló rojọ́ fún àwọn báńkì. Barwick borí ní Ọsirélíà, ó tún borí ní London. Ní 1950, ìjọba tuntun ṣòfin láti fòfin de ẹgbẹ́ kọ́múníìsì. Barwick wá dúró fún ìjọba. Evatt kì í ṣe kọ́múníìsì, ṣùgbọ́n ó gba ẹjọ́ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté rò, nítorí ó rí i pé òfin tó bá lè pa ẹnu ẹgbẹ́ kan dé lè pa ti ẹlòmíì dé lọ́la. Mẹ́fà nínú adájọ́ méje wọ́gi lé òfin náà ní 1951. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí Evatt ṣe nílé, èyí ló tóbi jù, nítorí ó mọ̀ pé òun lè fara gbá a nínú òṣèlú, ó sì ṣe é.

Kerr ńkọ́? Balmain ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ rọ irin ìkòkò oru fún ẹ̀rọ. Alágbẹ̀dẹ gidi nìyẹn. Evatt ló dúró ti ọmọ náà nígbà tó ń kọ́ òfin. Ní 1975, Evatt ti kú fún ọdún mẹ́wàá, Barwick ni Kerr lọ bá. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyọnípò náà ni ọmọ Balmain míì, Neville Wran, lọ́yà àti ọmọ Fort Street bí i ti Kerr, gba ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales fún ẹgbẹ́ Whitlam. Ọdún mẹ́wàá ló lò níbẹ̀.

Ti Percy Spender, ọmọ Fort Street míì, kan Áfíríkà gan-an. Òun ni ààrẹ ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague ní 1966, nígbà tí ẹjọ́ Ethiopia àti Liberia parí. Ohun tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni pé South Africa gbé ìyà aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní apartheid lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Namibia lónìí. Wọ́n mú ọmọ Nàìjíríà kan, Louis Mbanefo ará Onitsha, láti bá wọn jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Ìbò di méje sí méje. Ìbò kejì ti ààrẹ ló máa já a, Spender sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ní Ethiopia àti Liberia kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi rojọ́, ilé ẹjọ́ kò sì sọ bóyá ìyà náà tọ́ tàbí kò tọ́. Mbanefo kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní òun ò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Namibia kò gba òmìnira títí di 1990. Ó dùn mí kí n tó sọ ọ́ fún yín, ó ṣì ń dùn mí.

Evatt yìí kan náà ló jókòó lórí àga ààrẹ ìpàdé àpapọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Paris, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1948, tí wọ́n fọwọ́ sí Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Ìkéde náà wà lédè Yorùbá. Ẹ gbọ́ bí abala kìíní rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: “Gbogbo ènìyàn ni a bí ní òmìnira, iyì àti ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba.”

Láìpẹ́ sígbà yẹn, olùkọ́ kan pín ìwé pẹlẹbẹ ìkéde náà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Sydney. Michael Kirby wà lára wọn. Ó ti Fort Street kọjá, ó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù láti 1996 sí 2009. Ní 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ohun tí ìjọba North Korea ń fi ojú àwọn èèyàn rẹ̀ rí. North Korea kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Kirby ní kí àwọn tó sá jáde wá sọ tẹnu wọn ní gbangba, ní Seoul, ní Tokyo, ní London àti ní Washington. Wọ́n lé ní 80. Wọ́n sọ ti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sọ ti ebi, wọ́n sọ ti ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.