Àga Kennedy ní Massachusetts: Bí Òfin Ọdún 2004 Ṣe Bí Ìdìbò Ọdún 2010

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ìdìbò kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n dì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2010, láti yan ẹni tí yóò jókòó sí àga tí ikú Edward Kennedy mú kó ṣófo nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Àwọn tó ń ṣàlàyé ìdìbò náà sábà máa ń di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru Martha Coakley, obìnrin tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Èmi kò sọ pé obìnrin náà jàre, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òfin tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Democrat, fọwọ́ ara wọn ṣe ní ọdún 2004 ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀nà díẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹkùn mẹ́ta ni a pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí fún ìbò sẹ́nétọ̀, nítorí náà, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Isiaka Adeleke kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun nìkan ni wọ́n tún dìbò, tí wọ́n sì yan Ademola àbúrò rẹ̀ ní oṣù Keje; ará Ilé-Ifẹ̀ tàbí ará Òṣogbo kò ní ohùn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, sẹ́nétọ̀ méjì péré ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, gbogbo olùdìbò ìpínlẹ̀ náà ló sì ń yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àtúnṣe kẹtàdínlógún sí òfin orílẹ̀-èdè wọn, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1913, ló gbé agbára yìí lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí àga bá ṣófo lójijì, àtúnṣe náà gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti pinnu bóyá gómìnà lè yan adelé.

Ìdílé Kennedy mọ adùn àyè yìí dáadáa. John ẹ̀gbọ́n Edward ló jókòó sí àga náà láti ọdún 1953, nígbà tó sì di ààrẹ, gómìnà fi Benjamin Smith, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, sí i. Edward kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí òfin béèrè nígbà náà. Smith bá wọn jókòó dè é títí di ọdún 1962 tí Edward díje, tó sì wọlé.

Ní ọdún 2004, John Kerry, sẹ́nétọ̀ kejì láti Massachusetts, ń du ipò ààrẹ. Bó bá wọlé, Gómìnà Mitt Romney, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ni yóò yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ títí di ìdìbò gbogbogbòò tó bá tẹ̀ lé e. Àwọn Democrat, tí wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, kò lè gba èyí mọ́ra. Wọ́n gba agbára yíyan adelé lọ́wọ́ gómìnà, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ìdìbò gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 145 sí 160 tí àga bá ti ṣófo. Romney kọ̀ láti fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ìbò wọn borí kíkọ̀ rẹ̀. Kerry kò wọlé. Òfin náà wà níbẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 2009, àìsàn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ti dá Edward Kennedy dùbúlẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí gómìnà tún lè yan adelé, ó sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ. Deval Patrick, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ló ti wà lórí àlééfà báyìí. Ẹgbẹ́ tó gba agbára lọ́wọ́ Romney wá dá a padà fún Patrick lóṣù Kẹsàn-án, ìtìjú ibẹ̀ kò sì kéré. Patrick yan Paul Kirk, ọ̀rẹ́ olóògbé. Ìdajì òfin náà ni wọ́n tún ṣe, nítorí wọn kò fọwọ́ kan ọjọ́ ìdìbò. Ká ní òfin àtijọ́, èyí tó wà ṣáájú ọdún 2004, ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tí Patrick bá yàn ì bá jókòó títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2010, ìdìbò oṣù Kìíní ì bá má sì wáyé rárá.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé àwọn Democrat nílò ọgọ́ta ìbò kí àwọn alátakò má baà máa fi àríyànjiyàn aláìlópin dá òfin ìlera Ààrẹ Obama, tó fẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sí i ní ìbánigbófò ìlera, dúró. Kirk wà lára àwọn ọgọ́ta tó fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2009.

Coakley, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, ti na ọkùnrin mẹ́ta nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Kò sí Republican tó tíì gba àga sẹ́nétọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà Edward Brooke ní ọdún 1972. (Brooke yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú fi ìbò tiwọn gbé dé ilé náà.) Coakley dẹwọ́. Nígbà tí oníròyìn kan bi í léèrè ìdí, ó dá a lóhùn bíi pé ṣé kóun lọ máa dúró síta pápá ìṣeré Fenway ní Boston nínú òtútù kóun máa bọ èèyàn lọ́wọ́ ni. Ohun tí Scott Brown, alátakò rẹ̀ láti ẹgbẹ́ Republican, ń ṣe gan-an nìyẹn, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Níbi àríyànjiyàn ọjọ́ 11 oṣù Kìíní, nígbà tí olóòtú pe àga náà ní ti Kennedy, Brown ní kì í ṣe ti Kennedy, kì í sì í ṣe ti Democrat, ti àwọn ará ìlú ni. Ó ju ìdajì olùdìbò ìpínlẹ̀ náà lọ tí wọn kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ létí. Brown tún ń rán wọn létí pé Massachusetts ti ní òfin ìlera tirẹ̀ láti ọdún 2006, àti pé owó orí wọn ni wọn yóò fi ra tàwọn ẹlòmíì.

Obama sáré wá sí Boston ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Brown ní nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, Coakley ní 47. Ẹnì kẹta, Joseph Kennedy, tí kò bá ìdílé olóògbé tan rárá, ní nǹkan bí ìdá kan.

Ọgọ́ta ìbò àwọn Democrat kò pé mọ́, ṣùgbọ́n òfin ìlera kò kú. Ilé aṣojú-ṣòfin gba ohun tí àwọn sẹ́nétọ̀ ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, wọ́n sì fi òfin ìṣúná, tí ìbò 51 tó fún, tún àwọn apá kan ṣe. Obama buwọ́ lu òfin ìlera náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2010. Elizabeth Warren gba àga náà lọ́wọ́ Brown ní ọdún 2012. Nígbà tí Kerry di akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 2013, òfin alábọ̀dé tí wọ́n tún ṣe ní 2009 ni wọ́n lò: Patrick fi Mo Cowan ṣe adelé, Ed Markey sì gba àga náà fún ẹgbẹ́ Democrat nínú ìdìbò oṣù Kẹfà.