Ta Ni Kí Ó Bá Ta Gbá? Ọ̀rọ̀ Lórí Àtẹ Ìdíje Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré ní Minnesota

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí kan sọ ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Minneapolis nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gé àwàdà kúrò díẹ̀, mo sì fi ìbéèrè tó ta mí lẹ́nu jù sí ìparí.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí a fi ẹsẹ̀ gbá dàgbà. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó rí bí ẹyin ni, tí ọmọ kan á gbé mọ́yà tí á máa sá lọ, tí àwọn mọ́kànlá á sì máa lé e bí ẹni pé adìẹ wọn ló jí. Ọ̀pọ̀ yín lẹ ní ọmọ tó ń gbá a ní ilé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké sì ti ń tẹ̀ ẹ́ láago. Torí ẹ̀yin ni mo ṣe gbà láti wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dunni. Lọ́dún 2017, Yunifásítì St. Thomas ti Saint Paul kojú Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Olaf ti Northfield. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé St. Thomas fi 97 sí òdo na St. Olaf. Mi ò ṣì í pè. Bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù wọlé ọ̀tá, àmì mẹ́fà ni. Bí ẹ bá tún fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó, ó di méje. Ẹ pín 97 sí méje-méje, ó kù díẹ̀ kó tó ìgbà mẹ́rìnlá. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú péré sì ni gbogbo eré náà. Òfin bọ́ọ̀lù yìí gba àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì láàyè láti jọ bá adarí eré fẹnu kò, kí wọ́n gé àkókò tó kù kúrú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ la ẹnu bẹ̀bẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀?

Inú líìgì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, MIAC tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1920. Líìgì yìí wà ní ìpele kẹta NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ìpele tí wọ́n ń pè ní Division III, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973. Ní ìpele yẹn, wọn kì í fún ọmọ ní kọ́bọ̀ torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Bí ó bá rí ìrànwọ́ gbà, á jẹ́ pé òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, tàbí pé orí rẹ̀ pé nínú ìwé. Ọmọ tí wọ́n lù ní 97 lọ́jọ́ Sátidé, ìdánwò kẹ́mísírì ń dúró dè é lọ́jọ́ Ajé bíi ti gbogbo èèyàn.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2019, ìgbìmọ̀ àwọn ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú líìgì náà kéde pé kí St. Thomas máa lọ. Wọ́n fún un ní ààyè títí di ìparí sáà ẹ̀kọ́ tó parí ní 2021. Ohun tí wọ́n gbé síwájú ni pé agbára ò dọ́gba mọ́. Ẹ rántí pé St. Thomas wà lára àwọn méje tó dá líìgì náà sílẹ̀. Ilé tó bá wọn ṣán pákó rẹ̀ ni wọ́n ní kó kó ẹrù jáde níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn màgòmágó kàn án. Ó ń na èèyàn jù ni.

Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Àtẹ ìdíje, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó máa bá ẹnì kan gbá àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbá a, ni irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí irú líìgì bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́. Wọn ò lè ra agbábọ́ọ̀lù, wọn ò lè rọ ẹnikẹ́ni sí ìpele ìsàlẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù tiwa. Wọ́n fi irinṣẹ́ yẹn sílẹ̀ láìlò, wọ́n lé ọmọ ilé jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá lò ó.

Mo kó ife oníke mẹ́wàá jáde níbi ìpàdé wa, mo tò wọ́n sórí tábìlì, márùn-ún kojú márùn-ún. Ife tó bá dojú kọ ara wọn ló máa jọ gbá lọ́sẹ̀ kìíní. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fọwọ́ di ife kan mú kó má kúrò lójú kan, kí ẹ wá ti àwọn mẹ́sàn-án tó kù sún ní ààyè kọ̀ọ̀kan yíká, bí ìgbà tí ọmọdé ń yí òkòtó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, gbogbo ife ti pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 45 ni gbogbo rẹ̀. Bàbá kan tó jẹ́ oníṣirò dìde wá ṣe é fúnra rẹ̀ torí kò gbà mí gbọ́.

Mo wá mú ife kan kúrò, ó ku mẹ́sàn-án, torí iye tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní MIAC lásìkò yẹn nìyẹn. Ààyè kan ṣófo. Ife tó bá dojú kọ ààyè òfìfo ló máa sinmi lọ́sẹ̀ náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ló wá kan oníkálukú nínú líìgì, mẹ́wàá sì ni òfin gbà wọ́n láyè láti gbá lọ́dún, nítorí náà méjì péré ló kù tí ẹ lè fi wá alátakò níta.

Ẹ wá wo ife pupa. Òun ni St. Thomas. Bó ti wù kí ẹ yí tábìlì náà, kò sí ife kan tí kò ní í pàdé rẹ̀. Ohun tí alátẹ lè yí padà kò ju ọ̀sẹ̀ lọ: ṣé ẹ máa bá pupa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ìsinmi yín ni, àbí lẹ́yìn tí St. John's àti Bethel, ikọ̀ méjì mìíràn nínú líìgì náà, ti jọ fọ́ yín léegun ní Sátidé méjì tẹ̀ léra? Bí nǹkan kékeré lèyí rí lójú ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù yìí. Mọ́kànlá ni ń gbógun lọ, mọ́kànlá mìíràn ni ń dènà, àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ gbígbá nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ikọ̀ tó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ á máa pààrọ̀ wọn. Ikọ̀ tó ní ogójì, ọmọ kan náà ni yóò gbógun tí yóò tún dènà, ibẹ̀ sì ni ọrùn àti orúnkún ti ń bàjẹ́.

Ní Iowa, ìpínlẹ̀ tó bá wa pààlà ní gúúsù, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Grinnell gbá mẹ́ta péré lọ́dún 2019. Àwọn tí ara wọn ṣì dá kò ju 28 lọ. Àwọn ọmọ náà dìbò láàárín ara wọn pé ó tó, ilé ẹ̀kọ́ sì fagi lé ìyókù sáà náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ ife kan lórí tábìlì ní àárín ìdíje, gbogbo ẹni tó yẹ kó bá wọn gbá wá dúró láìní alátakò.

Wọ́n á ní St. Thomas tóbi jù. Ó tóbi lóòótọ́: akẹ́kọ̀ọ́ onídígírì àkọ́kọ́ ibẹ̀ lé ní 6,000, èyí tó tóbi jù nínú àwọn tó kù kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó tóbi yẹn náà ló wà lọ́dún 2007 nígbà tó borí lẹ́ẹ̀mejì, tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹjọ. Nígbà tí Glenn Caruso wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2008 ni nǹkan yí padà. Ẹ sì wo St. John's: ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn ò tó 2,000, síbẹ̀ níbẹ̀ ni John Gagliardi ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìjáwé olúborí rẹ̀ tó jẹ́ 489 jọ, iye tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan kò tíì ní rí. Ta ló gba ife líìgì ní 2018, sáà tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kéde pé kí St. Thomas máa lọ? St. John's ni.

Ní ìdàkejì, Macalester, tó wà ní Saint Paul kan náà, fìdí rẹmi nígbà 50 léraléra láàárín 1974 sí 1980. St. Thomas kọ́ ló na gbogbo ìyẹn. Lẹ́yìn sáà 2001 Macalester fúnra rẹ̀ kó bọ́ọ̀lù tirẹ̀ jáde kúrò ní MIAC, ó lọ wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níta. Ẹ ò rí i pé líìgì ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé ìsàlẹ̀ àtẹ ni ìṣòro wà? Òkè ni wọ́n gbé àáké lọ.

Nígbà tí St. Thomas lọ tán ní 2021, Macalester padà, St. Scholastica láti Duluth náà wọlé, wọ́n pé mẹ́wàá. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí méjì, márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹni kìíní nínú ìsọ̀rí yìí á bá ẹni kìíní ìsọ̀rí kejì gbá fún ife, ẹni kejì á bá ẹni kejì, títí dé ẹni karùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé líìgì ilé ẹ mọ irú rẹ̀: nígbà tí àkókò kúrú ní sáà 2022 sí 2023, wọ́n pín ẹgbẹ́ 20 sí méjì, àwọn mẹ́fà tó ṣíwájú wá pàdé ní Onikan.

Mo fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn ju gbogbo nǹkan tí MIAC ṣe lọ. Ikọ̀ tí wọ́n ti ń nà láti oṣù kẹsàn-án á bá ikọ̀ tí wọ́n ti ń nà bíi tirẹ̀ pàdé, ọ̀kan nínú wọn á sì kọrin wọ bọ́ọ̀sì. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ èmi, mẹ́ta tó kẹ́yìn ni mo máa fi sílẹ̀ láìkọ orúkọ sí, kí ìdọ́gba agbára kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní bọ́ọ̀sì ńkọ́, wọ́n á ní ọjọ́ tí àwọn tó ti jáde máa ń padà wá bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò ńkọ́, tó jẹ́ pé ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Òótọ́ ni. Nílùú Duluth nínú oṣù kọkànlá, òjò dídì ò ní í dúró de ìwé tuntun. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yá háyà ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ.

Ẹjọ́ kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìdíje orílẹ̀-èdè gba ikọ̀ 32 títí di 2023, ó di 40 ní 2024. Ẹni tó gba ife líìgì rẹ̀ máa wọlé tààrà. Ìyókù, ìwọ̀n àwọn alátakò wọn wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Bí àtẹ bá kó àwọn alágbára jọ lójú kan, wọ́n lè fi ara wọn ṣòfò kí ìdíje ńlá tó dé. Mount Union ti Ohio, tó ti gba ife orílẹ̀-èdè ní ìgbà 13, ní ìdàkejì ìṣòro yẹn: títí di 2024 tí líìgì tirẹ̀ fi ní ikọ̀ mẹ́wàá, ó máa ń gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń kù nígbà yẹn tó lè fi dán ara rẹ̀ wò níta. Ní NESCAC, líìgì mìíràn ní New England, tó ní ikọ̀ mẹ́wàá bákan náà, mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbá títí di 2016, kò sì sí ẹni tó ń pàdé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán. Lọ́dún 2017 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́sàn-án.

Ohun tí MIAC pàdánù náà wà. Ní 2017 kan náà tí 97 yẹn ṣẹlẹ̀, St. Thomas àti St. John's kó èèyàn 37,355 jọ sí Target Field ní Minneapolis, iye tó pọ̀ jù tí ìpele kẹta kò tíì rí irú rẹ̀. Eré yẹn ti dópin. St. Thomas gba àṣẹ NCAA ní 2020, ó fo ìpele kejì, ó bọ́ sí ìpele kìíní, ó wọ Pioneer League. Ní 2022 kò sẹ́ni tó nà án nínú líìgì tuntun náà, ṣùgbọ́n òfin tó de ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣípò kò jẹ́ kó lọ ìdíje orílẹ̀-èdè.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ń pe ọmọ rẹ̀, ó ní èwo nínú wọn ni kí òun mú. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ má wo àtẹ àmì. Ẹ lọ wò wọ́n gbá ní Sátidé kan, kí ẹ ka iye ọmọ tó wọ aṣọ." Ó ní òun ti lọ sí ọ̀kan, òun sì kà wọ́n.

"Mélòó ni wọ́n, mà?"

"Mẹ́tàlélógójì. Mẹ́fà nínú wọn ń fi igi rìn, mi ò mọ̀ bóyá kí n ka àwọn yẹn mọ́ ọn."