Awọ ìdè egbò láti ara kítósàn àti ewé Akíntọ́lá

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tòní ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè fi bo ojú egbò, tí bakitéríà kò sì ní ráyè gbèrú lábẹ́ rẹ̀. Kítósàn la ó fi ṣe awọ náà, èyí tí wọ́n ń yọ lára èèpo edé àti ìgbá akàn. Òògùn ara rẹ̀ ni ewé Akíntọ́lá, ewé tí àgbẹ̀ máa ń fún sójú egbò tí àdá bá ṣá a lóko. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún un. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹ jẹ́ á fi òṣèlú sílẹ̀. Iṣẹ́ lábù ni o, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ènìyàn.

Ewé ló kọ́kọ́ kàn. Ọ̀dọ́ ewé ni kẹ́ ẹ já, kí igi tó yọ òdòdó. Òdòdó rẹ̀ ní èròjà pyrrolizidine tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ sí i. Ẹ ṣan ewé náà, ẹ sá a sí ibòji títí tí yóò fi máa rún lọ́wọ́. Lásìkò òjò ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ wọn gíráàmù 50 sínú ìgò. Ẹ wọn ẹtánọ́lù 96%, mililítà 365, kẹ́ ẹ fi omi gbé e dé 500. Ìyẹn ti di 70%. Ògógóró kò le tó, mẹ́táánọ́lù inú sípíríìtì sì jẹ́ májèlé. Ẹ rẹ ewé sínú rẹ̀ fún wákàtí 48, ẹ máa mi ìgò náà. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tún fi pépà Whatman No. 1 sẹ́ ẹ. Inú omi gbígbóná 45 sí 50°C ni kẹ́ ẹ ti gbẹ ọtí ara rẹ̀ dànù. Ẹ má gbé e sórí gáàsì tàbí sítóòfù rárá, yóò gbiná. Ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí ni yóò kù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì.

Ó kan kítósàn. Ẹ ra èyí tí ìdákúrò acetyl rẹ̀ (degree of deacetylation) tó 85% ó kéré tán. Ẹ da ásíìdì acetic gidi mililítà 1 sínú omi 99. Ẹ máa bu gíráàmù 2 kítósàn wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń rò ó. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, kókó ni yóò bá níbẹ̀ bí àmàlà tí wọn ò rò dáadáa, inú kókó náà kò sì ní yọ́ láé. Ẹ jẹ́ kó rò mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ títí ìfófòó yóò fi lọ. Ìfófòó tó bá kù níbẹ̀ yóò di ihò lára awọ.

Ìjẹ̀bú ni wá, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ò wọ́n wa, àwọn kan yóò sì béèrè bóyá a lè lò ó dípò. Awọ sítáàṣì nìkan máa ń rọ̀ wẹ́lẹ́ nínú omi egbò, bakitéríà pàápàá a sì máa fi ṣe oúnjẹ.

Ẹ da omi kítósàn yẹn, mililítà 20, sínú abọ́ Petri kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9. Ẹ fi ìwọ̀n omi wo pẹpẹ ófùnù bóyá ó tẹ́jú. Bó bá dagun, apá kan awọ yóò ki, èkejì yóò sì ya. 40°C, wákàtí 24 sí 36. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣílẹ̀kùn ófùnù, kí ọ̀rinrin má baà wọlé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á da ewé mọ́ kítósàn nígbà tó ṣì jẹ́ omi. Tánínì inú ewé yóò mú kítósàn dì, àti pé ásíìdì ṣì wà lára awọ tó gbẹ tán. Ásíìdì yẹn fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà! Ẹ óò rí àbájáde tó dára, ẹ óò rò pé ewé ló ṣe é.

Nítorí náà, awọ lásán la kọ́kọ́ ń ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò, ẹ yọ́ NaOH (sódà kọ́sítíìkì, òun ni yóò pa ásíìdì ara awọ) gíráàmù 4 sínú omi, kẹ́ ẹ gbé e dé 100. NaOH lẹ ń dà sínú omi, ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ rẹ awọ náà fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fi omi tútù ṣàn án títí pépà pH yóò fi sọ pé 7. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ́ gíráàmù 1 oje ewé dúdú tó wà nínú fíríìjì sínú ẹtánọ́lù 96%, mililítà 20, ẹ fi gílísẹ́rìn mililítà 1 kún un, kẹ́ ẹ fi omi gbé e dé 100. Àwọ̀ ewé yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ kúrò, ẹ má sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 10 mg/ml ló wà nínú awọ. Ẹ rẹ awọ fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ tún un gbẹ. Gílísẹ́rìn ni kì í jẹ́ kó fọ́ bí ẹ bá ká a.

Ẹ ṣe awọ mìíràn pẹ̀lú omi, ẹtánọ́lù àti gílísẹ́rìn yẹn, láìsí ewé. Láìsí èyí, ìdánwò yín kò ní ìtumọ̀.

Ẹ fi ìtànṣán UV tan ojú méjèèjì awọ fún ìṣẹ́jú 30. Òkè awọ nìkan ló ń mọ́, fún ìdánwò ó tó. Awọ tó jẹ́ ti aláìsàn ń fẹ́ ìtànṣán gámà.

Kítósàn kì í rìn nínú ágà (oúnjẹ dídì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀), nítorí náà bí kò bá sí òrùka tó mọ́, níbi tí bakitéríà kò hù, yí awọ ká, kò túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ kúkú gé awọ sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú àti lóròó, ẹ fi sínú omi oúnjẹ bakitéríà mililítà 10 tí bakitéríà Staphylococcus aureus tó 100,000 wà nínú mililítà kọ̀ọ̀kan. 37°C, wákàtí 24, kẹ́ ẹ máa mì í. Ẹ pò ó fúyẹ́ ní ìpele mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ tẹ́ ẹ sórí ágà, ẹ kà á. Iye tó kù lára awọ eléwé àti aláìléwé lẹ óò fi wéra. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó lè jẹ́ pé ewé kò wọlé tó. Ẹ fi kún àsìkò rírẹ, kẹ́ ẹ tún un ṣe.